Ẹ Bi Wá Léèrè: Wàhálà Orí Ìtẹ́ Àwọn Ọba Gẹ̀ẹ́sì Ayé Àtijọ́

Látìgbà tí a ti sọ ìtàn bí William, olórí ilẹ̀ Normandy, ṣe sọdá òkun wá ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, lẹ́tà ẹ̀yin òǹkàwé kò yéé wọlé. Púpọ̀ nínú yín ló ń fi ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ béèrè ohun kan náà, pé kí ló dé tí ìdílé tó fi idà gba odindi ilẹ̀ kan kò fi lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí ohun tó gbà. Díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà la mú jáde nísàlẹ̀ yìí. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ gùn, a jẹ́ kó gùn. Èyí tí kò gba àlàyé púpọ̀, a kò fà á.

Ìbéèrè: Ẹ sọ pé Robert ni àkọ́bí William. Kí ló wá fà á tí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì fi jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun kò sì jẹ ẹ́ títí tó fi kú?

Ìdáhùn: Òfin pé àkọ́bí ni yóò jọba kò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà yẹn. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ènìyàn di ọba: kí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọba, kí àwọn ìjòyè ńlá fara mọ́ ọn, kí bíṣọ́ọ̀bù sì ta òróró sí i lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí a bá ti fi òróró yàn, Ọlọ́run ló yàn án, kò sì sí ẹni tó lè nu òróró náà nù mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọba bá wàjà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí ìṣúra ìjọba wà, tó sì kọ́kọ́ rí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò dé e ládé, ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọba máa ń bọ́ sí, ìbáà ṣe àkọ́bí, ìbáà ṣe àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí William ń kú lọ ní ìlú Rouen ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1087, ó pín ogún rẹ̀. Normandy, tí òun náà jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló fún Robert, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Robert ti gbé ogun tì í rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi agbára gbà, ló fún William Rufus. Henry tó kéré jù kò rí ilẹ̀ kankan gbà. Owó fàdákà pọ́n-ùn 5,000 ni wọ́n kà fún un, a sì gbọ́ pé ńṣe ló wọ̀n ọ́n wò kí wọ́n má baà fi kọ́bọ̀ kan dín in. Lójú tiwa, ọjọ́ tí wọ́n pín ogún yìí gan-an ni ìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìjòyè tó ní ilẹ̀ ní Normandy ló tún ní ilẹ̀ ní òdìkejì òkun, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè sin ọ̀gá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1100, Rufus lọ ṣọdẹ nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní New Forest. Ọfà kan bà á, ó sì kú síbẹ̀. Walter Tirel ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn nígbà náà sọ pé ó ta ọfà náà, kò sì dúró ṣàlàyé ara rẹ̀ kó tó sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Henry wà nínú àwọn tó lọ ṣọdẹ lọ́jọ́ náà. Kò dúró sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Winchester, níbi tí ìṣúra ìjọba wà, ló gun ẹṣin lọ tààrà, ó gbà á, ó sì kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù náà, wọ́n ti dé e ládé ní Westminster. Robert ṣì wà lójú ọ̀nà, ó ń ti ogun ẹ̀sìn tó lọ jà ní Jerúsálẹ́mù bọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fura sí Henry, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kan tó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ohun tó dájú ni pé kò fi àkókò ṣòfò. Ní ọdún 1106, tẹ̀gbọ́n tàbúrò pàdé lójú ogun ní Tinchebray ní Normandy, Henry ṣẹ́gun, ó sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí àhámọ́ fún ọdún 28 títí ó fi kú ní Cardiff ní ọdún 1134.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jọba níbẹ̀ ní ayé ìgbà náà? Kí ló dí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Matilda, ọmọ Henry Kìíní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ yìí, sún mọ́ adé débi pé ètò ìwúyè rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan yí padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1120, ọkọ̀ ojú omi tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Funfun gbéra ní Barfleur, ní etíkun Normandy. William, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí olorì bí fún Henry, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ìjòyè. Wọ́n tó nǹkan bí 300 lápapọ̀. Ọtí ti pa àwọn èrò, ó sì ti pa àwọn tó ń tukọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ náà gbá àpáta kò tíì jìnnà sí èbúté, ó sì rì. Nínú gbogbo wọn, alápatà kan láti Rouen nìkan ló rù ú là. Henry ní ọmọ àlè tó ju 20 lọ, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò ní gbà kí ọmọ àlè jọba mọ́ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ àlè ni William tó ṣẹ́gun fúnra rẹ̀. Matilda nìkan ló kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1127, ọba pe àwọn ìjòyè jọ, ó sì mú wọn búra pé òun ni wọn yóò gbà bí òun bá kú. Stephen, ọmọ tí Adela ọmọ ìyá ọba bí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ búra.

Ọba kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1135. Ẹ wo bí Stephen náà ṣe ṣe: ó sọdá láti Boulogne, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbà á, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Winchester bá a rí ìṣúra gbà, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù náà, adé ti wà lórí rẹ̀. Ọgbọ́n tí Henry dá sí Robert ni wọ́n dá sí ọmọ Henry. Ohun méjì ló ràn Stephen lọ́wọ́. Èkíní ni pé àwọn ìjòyè kò fẹ́ kí obìnrin ṣe olórí wọn. Èkejì ni pé ọkọ Matilda, Geoffrey, olórí ilẹ̀ Anjou ni, àwọn ará Normandy sì ti ka Anjou sí ọ̀tá tipẹ́tipẹ́.

Stephen jẹ́ akọni lójú ogun, àmọ́ kì í lè dúró lórí ọ̀rọ̀ tó bá sọ, àwọn ìjòyè sì tètè mọ̀ pé ènìyàn lè ṣẹ̀ ẹ́ kí ó sì mú un jẹ. Ní ọdún 1139, Matilda gúnlẹ̀ pẹ̀lú Robert ti Gloucester, ọbàkan rẹ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní pẹrẹu. Olúkúlùkù ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tí kò bá rí san. Mọ́ńkì kan ní Peterborough kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ ní gbangba pé Kristi àti àwọn ẹni mímọ́ rẹ̀ ti sùn lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1141, wọ́n mú Stephen lójú ogun ní Lincoln. Matilda wọ Lọ́ńdọ̀nù fún ìwúyè. Ibẹ̀ ló ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́: dípò kí ó tu àwọn ará ìlú lójú, owó ńlá ló ní kí wọ́n san, ó sì fi ìbínú lé àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ padà. Ní oṣù Kẹfà, aago ṣọ́ọ̀ṣì dún káàkiri ìlú, ará Lọ́ńdọ̀nù tú jáde pẹ̀lú ohun ìjà, Matilda sì fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì sá lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn Stephen fi mú Robert náà, wọ́n sì fi ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. A kò ní sọ pé Matilda kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gba owó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ni wọ́n sì ń pè é lára tirẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1142, Stephen ká a mọ́ inú ilé olódi Oxford títí oúnjẹ fi tán nínú rẹ̀. Yìnyín ti bo ilẹ̀, odò Thames sì ti dì gbagidi. Lóru ọjọ́ kan, Matilda àti àwọn ẹlẹ́ṣin díẹ̀ wọ aṣọ funfun kí ojú má baà tètè tó wọn nínú yìnyín, wọ́n gba àárín àwọn tó ń ṣọ́ ìlú kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin orí odò náà, wọ́n sì rìn dé Abingdon kí wọ́n tó rí ẹṣin gùn lọ sí Wallingford. Ó jà títí di 1148 kó tó padà sí Normandy. Ọmọ rẹ̀, Henry, ló wá parí iṣẹ́ náà: nígbà tí Eustace àkọ́bí Stephen kú ní ọdún 1153, Stephen gbà pé Henry ni yóò jọba lẹ́yìn òun, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Stephen fúnra rẹ̀ sì kú. Henry Kejì gorí ìtẹ́ láìsí ẹni tó bá a du ú.

Ìbéèrè: Richard tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́kàn Kìnnìún, ṣé ọba rere ni tàbí orúkọ lásán ló ní?

Ìdáhùn: Jagunjagun rere ni. Ní ti ọba, láti 1189 di 1199 ló fi wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò gbogbo àkókò tó lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ. Kí ó lè rí owó lọ sí ogun ẹ̀sìn, ó ta oyè, ó ta ilé olódi, ó sì gba 10,000 máàkì lọ́wọ́ ọba Skọ́tílándì láti tú u sílẹ̀ nínú ìtẹríba tó ti jẹ fún Henry Kejì, bàbá Richard. Nígbà tó ń padà bọ̀ láti ogun náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1192, Leopold, olórí ilẹ̀ Austria tí wọ́n ti jọ ní gbólóhùn asọ̀, mú un nítòsí Vienna. Wọ́n bu 150,000 máàkì lé e, èyí tí í ṣe pọ́n-ùn 100,000, nítorí máàkì mẹ́ta ló wà nínú pọ́n-ùn méjì. Kí wọ́n tó lè rí owó náà kó jọ, ìdá mẹ́rin owó tó ń wọlé fún olúkúlùkù ni wọ́n ní kí ó mú ìdá kan wá nínú rẹ̀, wọ́n sì gba òwú àgùntàn lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì tí kò ní wúrà. Ó kúrò ní àhámọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1194, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kúrò níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, kò sì padà wá mọ́ títí ọfà fi pa á ní Châlus ní ọdún 1199. Ìlú kò dàrú nígbà tí kò sí nílé nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́, pàápàá Hubert Walter, mọ iṣẹ́. John àbúrò rẹ̀ ló wá jogún gbèsè àti àárẹ̀ ìlú náà.

Ìbéèrè: Ṣé John ni ó burú jù nínú gbogbo wọn? Kí sì ni ó wà nínú ìwé àdéhùn Magna Carta gan-an? Ẹni kan sọ fún mi pé ìwé òmìnira gbogbo ènìyàn ni.

Ìdáhùn: John kì í ṣe ènìyàn rere, a kò sì ní bá a fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Arthur, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àwọn kan ní Faransé fẹ́ kí ó jọba, bọ́ sí i lọ́wọ́ ní Mirebeau ní ọdún 1202, nígbà tó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e, a kò rí ọmọ náà mọ́. Ó gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà ìjòyè mìíràn, ìjòyè náà sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ọba Faransé, Philip Kejì. Nígbà tí John kò wá jẹ́ ẹjọ́, Philip gbé ogun dìde, ó sì gba Normandy lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1204.

Inú àdánù yìí ni gbogbo ìyókù ti jáde. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni John fi ń wá owó tí yóò fi gba Normandy padà. Bí ìjòyè bá kú, ọmọ rẹ̀ yóò san owó ńlá kó tó lè jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí opó kò bá fẹ́ ọkọ tí ọba yàn fún un, yóò sanwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ̀ lé ọba lọ sójú ogun yóò sanwó. Ó bá Póòpù jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, Póòpù sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìsìn dúró ní gbogbo ilẹ̀ náà láti 1208 di 1214, débi pé wọn kì í lè sin òkú sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn tó jà fún un ṣubú ní Bouvines ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1214. Owó ti lọ, Normandy kò sì padà. Ká ní ó ṣẹ́gun ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn ìjòyè gbé e mì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1215, àwọn ìjòyè ọlọ̀tẹ̀ gba Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, John pàdé wọn ní pápá Runnymede lẹ́bàá odò Thames, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn náà. Èdìdì ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Ọba kò fi kálàmù kọ orúkọ sí i bí àwọn kan ṣe ń yà á ní àwòrán. Púpọ̀ nínú àwọn ìpín rẹ̀ tó lé ní 60 kò kan òmìnira bí ẹ ṣe rò ó. Ó sọ iye tí àrólé yóò san kó tó jogún. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fipá fún opó lọ́kọ. Ó ní òṣùwọ̀n ọtí àti ọkà gbọ́dọ̀ dọ́gba káàkiri, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú ọgbà ìpẹja kúrò nínú odò Thames. Ṣùgbọ́n láàárín wọn ni ìpín kan wà tó sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹni tó jẹ́ òmìnira, kí a tì í mọ́lé tàbí kí a gba dúkìá rẹ̀, àyàfi nípa ìdájọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí òfin ilẹ̀. Ìpín tó tẹ̀ lé e sọ pé ọba kò ní ta ìdájọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní fi dù ú. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà kì í ṣe òmìnira, nítorí náà, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn fi ẹnu fẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ohun tó bí John nínú jù ni ìpín tó yan ìjòyè 25 pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì gba ilé olódi rẹ̀ bí ó bá yẹ àdéhùn. Kò tó oṣù mẹ́ta tí Póòpù Innocent Kẹta, tí John ti bá rẹ́ nígbà náà, fi fagi lé ìwé náà. Ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì pe Louis ọmọ ọba Faransé pé kó wá jọba lé àwọn lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1216, ìgbì omi gbé lára ẹrù ọba lọ ní ẹnu òkun tí wọ́n ń pè ní The Wash, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pa á ní Newark lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ikú yẹn ló gba ìdílé rẹ̀ là, òun ló sì gba ìwé àdéhùn náà là. Henry ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n yára dé e ládé ní Gloucester. William Marshal, àgbà jagunjagun tó ti tó ẹni 70 ọdún, di adelé, ó sì tún Magna Carta gbé jáde ní orúkọ ọba kékeré náà láìfi ìpín àwọn ìjòyè 25 sí i. Bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe rí i pé ohun tí àwọn ń jà fún ti wà ní ọwọ́ ọba gan-an, púpọ̀ wọn fi Louis sílẹ̀, Marshal sì ṣẹ́gun àwọn tó kù ní Lincoln ní ọdún 1217.

Ìbéèrè: Ẹ ní kò sí ẹni tó lè nu òróró ọba nù. Báwo ni wọ́n ṣe wá rọ Edward Kejì àti Richard Kejì lóyè?

Ìdáhùn: Wọ́n mú kí ó dà bíi pé ọba ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé sílẹ̀.

Edward Kejì kò lè yan ọ̀rẹ́ níwọ̀n. Piers Gaveston ló kọ́kọ́ fẹ́ràn jù, àwọn ìjòyè sì pa á ní ọdún 1312. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ará Skọ́tílándì fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ ní Bannockburn. Lẹ́yìn náà ló fa ìdílé Despenser mọ́ra, wọ́n sì kó ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn jẹ títí kò fi sí ẹni tó fẹ́ràn wọn mọ́. Isabella, olorì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọba Faransé, padà wá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1326 pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti Roger Mortimer, kò sì sí ẹni tó jà fún ọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 1327, wọ́n sọ fún Edward ní Kenilworth pé bí kò bá gbé ìtẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn yóò fi jọba. Ó sunkún, ó sì gbà. Wọ́n kéde ikú rẹ̀ ní Berkeley ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìtàn pé irin gbígbóná ni wọ́n fi pa á, tí ẹni kan nínú yín kọ ránṣẹ́, kò sí nínú àwọn àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, a kò sì gbà á gbọ́.

Ti Richard Kejì dunni ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ dáradára. Ọmọ ọdún 14 ni ní oṣù Kẹfà ọdún 1381, nígbà tí owó orí tí wọ́n bù lé gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 15 mú kí àwọn àgbẹ̀ Kent àti Essex ya wọ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣá Wat Tyler, aṣáájú wọn, lójú wọn ní Smithfield, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ti ń fa ọrun, ọmọdé yìí nìkan ló gun ẹṣin lọ bá wọn, ó ní òun ni olórí wọn, kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun. Wọ́n sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlérí tó ṣe fún wọn ló fagi lé lẹ́yìn náà. Bí ó ṣe ń dàgbà ló ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni òfin. Ó lé Henry Bolingbroke, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò nílùú ní ọdún 1398. Nígbà tí bàbá Henry kú, ó tún gba gbogbo ogún rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rù ba gbogbo onílẹ̀, nítorí bí ọba bá lè jẹ ogún ẹni tó lọ́rọ̀ jù ní ìlú, ta ló kù? Richard lọ sí Ireland, Henry gúnlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1399, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba ti bọ́ sí ọwọ́ Henry. Wọ́n ka ẹ̀sùn 33 sí Richard lọ́rùn, ó sì kú ní àhámọ́ ní Pontefract ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1400.

Ìbéèrè: Ta ló jẹ̀bi ogun àwọn Òdòdó Rósì, Lancaster ni tàbí York?

Ìdáhùn: Ogun tí ẹ̀ka méjì ìdílé ọba, Lancaster àti York, fi du ìtẹ́ ni. Ohun tí Henry Bolingbroke, ti ìdílé Lancaster, ṣe ní 1399 ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ Edward Kẹta, tó sì ní ọmọ ogun, lè máa wo ìtẹ́. Richard, olórí ìdílé York, sì lè tọ́ka sí i pé láti ọ̀dọ̀ ìyá òun, ẹ̀gbọ́n baba-ńlá àwọn Lancaster ni òun ti ṣẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni kò rántí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí Henry Karùn-ún, ọmọ Bolingbroke, ń ṣẹ́gun ní Agincourt ní ilẹ̀ Faransé. Àìlera Henry Kẹfà ló jẹ́ kí wọ́n rántí.

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Henry Kẹfà nígbà tó jọba ní 1422. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, olùfọkànsìn ni, kò sì yẹ fún iṣẹ́ náà rárá. Ní oṣù Keje ọdún 1453, wọ́n pàdánù ilẹ̀ Gascony fún Faransé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, orí ọba dàrú. Kì í sọ̀rọ̀, kì í dá ènìyàn mọ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé e láti orí àga dé orí ibùsùn. Ní oṣù Kẹwàá, olorì Margaret bí ọmọkùnrin. Wọ́n gbé ọmọ náà wá síwájú bàbá rẹ̀ kó súre fún un, kò dáhùn. Olorì gbà á, ó tún gbé e wá, ọba gbé ojú sókè wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ọdún kan ó lé ló fi wà báyìí. Nígbà tí orí rẹ̀ padà bọ̀ sípò ní Kérésìmesì ọdún 1454, ó béèrè orúkọ ọmọ náà.

York ṣe adelé ní àkókò yẹn, kò sì rọrùn fún un láti padà di ìjòyè lásán. Wọ́n kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní St Albans ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1455. York kú ní Wakefield ní òpin ọdún 1460, wọ́n sì fi adé bébà dé orí tí wọ́n gé náà ní ẹnubodè ìlú York. Ọmọ rẹ̀, Edward Kẹrin, gbẹ̀san ní Towton nínú yìnyín ní oṣù Kẹta ọdún 1461. Òun náà tún fi ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ bí Warwick, ìjòyè tó gbé e sórí ìtẹ́, nínú. Warwick sì dá Henry padà ní 1470 fún bíi oṣù mẹ́fà. Edward padà, ó ṣẹ́gun ní Barnet àti Tewkesbury, Henry sì kú nínú Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún ọdún 1471. Bí ẹ bá fẹ́ kí a dá ẹnì kan lẹ́bi, Margaret àti York ni a ó jọ pè, nítorí kò sí èyí tó gbà kí èkejì ṣàkóso nígbà tí ọba kò lè ṣe é. Ní ti òdòdó rósì, ẹ̀yìn tí ogun parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ yẹn pè é.

Ìbéèrè: Ìgbà tí mo ka orúkọ àwọn Edward, mo rí àwọn Edward tó jọba ṣáájú Edward Kìíní. Ṣé mo kà á ṣì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kò kà á ṣì. Edward mẹ́ta ló jọba ṣáájú 1066, ṣùgbọ́n orí William tó ṣẹ́gun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkàyè. Wọ́n ka Edward Karùn-ún sí i, ọmọ ọdún 12 tí Richard Kẹta gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1483 kí wọ́n tó dé e ládé, ṣùgbọ́n wọn kò ka Matilda. Nítorí náà, Edward Kẹta tí ẹ bá rí nínú ìwé ni ẹni tó jọba láti 1327 di 1377; èyí tó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1066, tí ikú rẹ̀ mú kí William sọdá òkun, ni ì bá gba oyè ẹni kẹta bí wọ́n bá ka gbogbo wọn.